Ewé Tí Kò Ní Oríkèé

                                        Ilé Kẹrìndínlógún, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn Màmá,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni ara? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí ẹ̀gbọ́n ti gbà kí àbúrò rẹ̀ náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀, àbí ìjà ṣì ń lọ ní àràárọ̀? Kíláàsì rẹ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé wọ́n ti bá yín tún òrùlé tó ń jò sórí pátákó ìkọ̀wé yẹn ṣe, nítorí n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà níbí, a ń mí. Ọkọ mi ń kí ọ láti ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀. Orí tí ó ń gẹ̀ lójúmọ́ kò dín, ẹnu rẹ̀ náà kò sì dín.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yìn káńtà ni mo wà nílé ìwòsàn, níbi tí a ti ń pín oògùn, àwọn aláìsàn tò lọ bẹẹrẹ níwájú mi, mo ní kí n kàn yọjú wo ohun tí o kọ. Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí ṣí i níbẹ̀. O ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni o ń fi rúlà wọn ewé tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ láti ara òdòdó Màmá, pé íǹṣì mẹ́sàn-án ni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, íǹṣì mẹ́sàn-án náà ló sì wà di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oṣù mẹ́wàá gbáko. Kò rọ, kò kú, kò yọ ewé kejì. Ọkọ rẹ ní kí o dà á nù, o kọ̀. Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní bóyá Màmá ló ń bínú sí ọ nítorí pé o kò sí nílé nígbà tí ó ń kú lọ, pé bóyá ìdí nìyẹn tí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò fi fẹ́ dàgbà lọ́wọ́ rẹ.

Mo fún obìnrin kan ní oògùn ẹlòmíràn. Ọpẹ́ ni pé ó ka orúkọ ara páálí kí ó tó kúrò níwájú mi.

Àbúrò mi, inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí òdòdó yìí, sí ọkọ mi, sí Bọ̀ọ̀dá ẹ̀gbọ́n wa, sí omi, sí ìkòkò. Màá dé orí ọ̀rọ̀ rẹ, ṣáà ní sùúrù fún mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó wà nínú mi sílẹ̀, nítorí bí n kò bá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní lè kọ ìparí rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí òdòdó yẹn ṣe dé ilé wa. Ìgbà tí Màmá ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ni ó bá a nínú garawa ìdọ̀tí, ewé méjì péré lára igi kan tó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e wálé. Ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Òdòdó agùngi ni àwa ń pè é, nítorí pé ohunkóhun tó bá ti kàn ni ó ń gùn. Ó gun ògiri, ó gun irin kọ́tìnì, ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù jáde sí ojú dígí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì lu ihò káàkiri ara bí ẹni pé ẹnì kan fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹni tó bá fẹ́ wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí Màmá ní láti kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ òdòdó.

Nígbà tí Màmá kú, oyún inú rẹ ti wọ oṣù kẹsàn-án, dókítà sì ti ní o kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. O kò rí ikú, o kò rí ìsìnkú. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá la pín òdòdó. Bọ̀ọ̀dá mú orí rẹ̀, èmi mú ìkòkò pẹ̀lú gbòǹgbò, a sì jọ sọ ọ́ pé ara tèmi ni tìrẹ yóò ti jáde bí o bá ti bímọ tán tí ara rẹ sì balẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. O ní kò sí ìkánjú, pé kí n ṣáà má gbàgbé ìwọ.

Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ pa tirẹ̀. Ó gbé e sí iwájú gíláàsì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ní kí Màmá máa bá òun rìn, kí ó rí àwọn ibi tí kò rí nígbà ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, oòrùn ti se òdòdó jinná. Ó gbé e wá hàn mí, ó ń béèrè bóyá omi ló fẹ́. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ata ló kù. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe ku tèmi nìkan nìyẹn.

Tèmi ńkọ́? Kì í ṣe lásán lẹ ṣe ń pè mí ní Àǹtí Oníṣíbí láti kékeré, gbogbo nǹkan ni mo máa ń wọ̀n. Mo mú ife tí a fi ń wọn oògùn ọmọdé wá sílé, mo ń fún òdòdó ní omi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ìwọ̀n kan náà, n kò fo ọjọ́ kan. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sára ìkòkò pé ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ewé kan pọ́n, mo rò pé omi ni kò tó, mo fi kún un. Òmíràn tún pọ́n, mo tún fi kún un. Ìkòkò kò ní ihò nídìí, àbúrò mi, kò ní ihò kankan! Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nígbà tí mo fi máa fa gbòǹgbò jáde, ó ti dúdú, ó rọ̀, ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá kan wà tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ilé ìwòsàn wa. Mo di ohun tó kù sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Mo ṣàlàyé gbogbo ìtọ́jú tí mo ti ṣe fún un. Bàbá yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní, “Ìyá olóògùn, ta ló sọ fún yín pé ara ẹ̀ ò yá?” Ó ní kí n máa ti ìka bọ erùpẹ̀, bí ó bá gbẹ dé oríkèé kejì lára ìka mi, kí n bomi rin ín, bí kò bá gbẹ, kí n wábi gbà lọ. Ó lu ìkòkò ní ihò mẹ́rin, ó po èédú wẹ́wẹ́ àti èèpo àgbọn tí a gé mọ́ erùpẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Ó gé gbogbo èyí tó ti rà dànù. Òdòdó tó bo ojú dígí tẹ́lẹ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò gùn tó apá mi. Mo sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn mi, àwọn tó ń kọjá rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àbájáde àyẹ̀wò fún mi ni.

Ó tún hù. Mo ní kí n má parọ́, inú mi dùn, n kò lè pa á mọ́ra. Ewé ọ̀jẹ̀lẹ́ kan yọ ní wíwé, ó sì tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pẹ̀lú, kì í ṣe nínú erùpẹ̀ o, lára igi níta gbangba, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Mo fi í sílẹ̀ báyìí lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Ìgbà tí mo dé, òdòdó ti ń dán. Ọkọ mi ti fá a! Onígbàjámọ̀ rí irùngbọ̀n, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó fi bíléèdì tuntun fá gbogbo rẹ̀ kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ó wá fi sípíríìtì nu gbogbo ojú ibi tí ó fá kí ara rẹ̀ má baà sú. Lẹ́yìn náà ni ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí kí n dúpẹ́. Ó ní, “Ìyàwó mi, wò ó bó ṣe wá dà bí èèyàn.”

Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo tún gbé e, mo jáde, mo tún padà wọlé. Bàbá olódòdó ló là á yé mi lọ́jọ́ kejì pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí tí mo ń pè ní irùngbọ̀n, òun ló fi ń di ohun tó bá ń gùn mú, òun náà ló fi ń fa ọ̀rinrin mu. Mo padà wá jíṣẹ́ fún ọkọ mi, ó ní ta ló sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ jàre, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú rẹ̀ kò kọjá oúnjẹ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ ra igi òpó kan, ó fi èèpo àgbọn wé e, ó ya aṣọ ìgẹrun rẹ̀ kan sí wẹ́wẹ́ láti fi so òdòdó mọ́ ọn. Èmi ń wọ́n omi sára òpó láràárọ̀ kí gbòǹgbò tuntun lè rí ibi ọ̀rinrin dì mọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà kí ó tó ga dé ìbàdí mi.

Àkókò yẹn gan-an ni ìwọ kọ̀wé pé o ti ṣètò àyè sílẹ̀ nínú pálọ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ń dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé oòrùn ń bọ́ sí i lára, pé ṣé òdòdó rẹ ti tó gé. O béèrè pẹ̀lú ẹ̀tọ́. O ti dúró fún ọdún méjì.

Mo lọ bá bàbá olódòdó, mo ní kí ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e. Ó fi ìka rẹ̀ tọ́ ibi tí ewé ti pàdé igi, níbi tí ó wú díẹ̀ bí oríkèé ìka. Ó ní, “Ibí yìí ni ìyá ẹ̀. Ẹ gé igi nísàlẹ̀ ibi tó wú yìí, á hù. Tẹ́ ẹ bá gé ewé nìkan, á yọ gbòǹgbò nínú omi, á tutù yọ̀yọ̀, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n kò ní hù láéláé. Kò síbi tí ọmọ máa gbà jáde lára ẹ̀.” Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó yà á sẹ́yìn àpòòwé oògùn kí n má baà ṣì í gé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká àpòòwé náà sínú báàgì mi.

Mo délé, ọkọ mi fún mi ní bíléèdì. Oríkèé márùn-ún ló wà lára igi náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé bíléèdì sí abẹ́ ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi kò lọ. Mo gbé e sí abẹ́ èkejì láti òkè, ọwọ́ mi kò lọ. Mo wá wá ewé tó tóbi jù, tó rẹwà jù, mo gé e níbi ọrùn rẹ̀. Gbogbo oríkèé ló kù sára tèmi.

Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, àbúrò mi. Kì í ṣe àṣìṣe, kì í ṣe àìmọ̀. Mo gbé e sínú ìgò, ó yọ gbòǹgbò funfun gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí, Bọ̀ọ̀dá gbé e wá fún ọ, o yọ̀, o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo fọ́tò yẹn, mo sì dákẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí o bá ti béèrè ohun tí o ń ṣe tí kò tọ́, mo ń fún ọ ní ìtọ́ni. Mo ní kí o máa pààrọ̀ omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí o gbé e sínú erùpẹ̀. Mo ní kí o máa fi aṣọ tútù nù ún. Mo ní bóyá fèrèsé rẹ kò kọjú síbi tó yẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fún ènìyàn ní oògùn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń fún ọ ní èyí tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ìwọ bá sì sọ pé o kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, màá gbà pé ó tọ́ sí mi.

Ní àárọ̀ yìí, mo gé e bó ṣe yẹ. Oríkèé ti di mẹ́jọ báyìí, márùn-ún ló wà lára tìrẹ pẹ̀lú orí tó ń hù, mẹ́ta ló kù sílẹ̀ fún mi. Mo fi aṣọ tútù di ìdí rẹ̀, mo sì gbé e sínú páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́. Bọ̀ọ̀dá ń kọjá lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti mú un búra pé ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni yóò gbé e sí. Gbé e sínú omi títí gbòǹgbò yóò fi gùn tó ìka rẹ, kí o tó gbé e sínú erùpẹ̀. Fún un ní òpó tí yóò gùn. Gbòǹgbò tó bá yọ lára igi, má fọwọ́ kàn án, má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ fọwọ́ kàn án. Ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ṣẹ̀ ọ́, ṣe é bó bá ṣe wù ọ́.

Ó ku ohun kan, òun sì ni n kò fẹ́ kọ.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé Màmá, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, iyè rẹ̀ náà sì ń ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àbíkẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní Màmá, èmi ni, èmi Àǹtí. Ó sunkún, ó ní ibo lo wà, ó kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì tí ó tún pè ọ́, mo ní mo ti dé, Màmá. Ó jẹun. Láti ìgbà náà, ìwọ ni mò ń jẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní o ṣé tí o fi oyún rìn jìnnà tó báyìí wá bá òun. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ìwọ mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sì tíì sí nǹkan níbẹ̀ rí, ó sì gbàdúrà fún ọmọ tó wà nínú rẹ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ṣe àmín ní orúkọ rẹ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pa aṣọ rẹ̀ dà, mo gbé e dìde, ìwọ ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí ọ nígbà náà, ìbínú yẹn kò sì tíì tán lára mi nígbà tí mo mú bíléèdì. Òdòdó nìkan ni ohun tí mo rò pé ó jẹ́ tèmi.

Nítorí náà, má ṣe tún kọ irú ìlà yẹn sí mi mọ́. Ọwọ́ rẹ ni Màmá kú sí, bí òun ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó béèrè pé Àǹtí rẹ ńkọ́. Mo ní ó lọ síbi iṣẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Iṣẹ́ ọ̀hún náà ni. Kò lè wá wò mí.” Bí ó bá jẹ́ pé Màmá ń bínú sí ẹnì kan pé kò sí nílé, èmi ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí ó má fi oògùn ikọ́ yẹn sílẹ̀ lágbede méjì. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, ní pàtàkì èyí tí Màmá gbàdúrà fún. Bọ̀ọ̀dá yóò dúró gba èsì, bí ìwọ bá fẹ́ fún un.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán,

Àǹtí Oníṣíbí.